Wọ́n dá mi lẹ́bi ọtí nídìí ọkọ̀, ínṣọ́ránsì mi ti di £2,640. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Adé_Gravesend · 4 oṣù Kejìlá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ojú ń tì mí láti kọ èyí, àmọ́ ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ní oṣù Kẹta ọdún yìí, a ṣe òkú àgbà kan ní Peckham. Aago mẹ́ta òru la kúrò nínú gbọ̀ngàn. Mi ò wakọ̀ lóru yẹn o, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi nítòsí ibẹ̀ ni mo sùn. Nígbà tó di aago mẹ́jọ àárọ̀, mo jí, mo wẹ̀, mo mu tíì, mo wọ ọkọ̀ mi, mo forí lé ibi iṣẹ́. Ní Lewisham ni ọlọ́pàá ti dá mi dúró nítorí iná ẹ̀yìn kan tó ti kú. Ó ní òun ń gbọ́ òórùn ọtí lẹ́nu mi. Wọ́n ní kí n fẹ́ atẹ́gùn sẹ́rọ, 51 ni ìwọ̀n ọtí inú èémí mi tó kọ. 35 ni òfin England gbà.

Ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin, ilé ẹjọ́ májísíréètì dá mi lẹ́bi. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ wakọ̀ fún oṣù 12, mo sì san owó ìtanràn. DR10, kóòdù ẹni tó mutí wakọ̀, ni wọ́n kọ sórí láísẹ́ǹsì mi. Mo lọ ṣe kọ́ọ̀sì tí wọ́n fi lọ̀ mí, wọ́n yọ oṣù mẹ́ta kúrò nínú 12 yẹn. Àárín oṣù Kìn-ín-ní ni mo tún lè wakọ̀.

Iṣẹ́ kíà, ìtọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, ni mò ń ṣe, láti ilé kan bọ́ sí òmíràn káàkiri Gravesend àti Dartford. Láìsí ọkọ̀, kò ṣeé ṣe. Láti ìgbà náà, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n fi mí sí, owó tó ń wọlé sì ti já wálẹ̀ gan-an. £820 ni mo ń san lọ́dún tẹ́lẹ̀ lórí Corolla 2015 mi. Lánàá mo wo iye tí wọ́n máa gbà báyìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì: £2,640, £2,890, £3,110. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ yòókù ò tilẹ̀ dá iye kankan, wọ́n ní àwọn ò lè gbà mí. Ẹni ọdún 41 ni mí. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń sanwó láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ọdún mélòó lèyí máa fi bá mi jà? Ṣé ọ̀nà tó bófin mu wà tí mo lè fi dín in kù? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi orúkọ ìyàwó mi ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ìyá_Ìbejì_Kent

Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Wọ́n ti dá ẹjọ́, o sì ti jìyà rẹ̀. Oúnjẹ àwọn ọmọ ló kù ká máa rò. Má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni, jẹ́ kí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dé ná.

Alágbàtà_Ọ̀nà

Àbúrò, ọdún 14 ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ alágbàtà ínṣọ́ránsì ní London, nítorí náà ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀.

Iye ọdún ni ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣì kà. Ọdún 11 ni DR10 fi ń wà lórí láísẹ́ǹsì lọ́dọ̀ DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó láísẹ́ǹsì awakọ̀, láti ọjọ́ ìdálẹ́bi. Ìdí ni pé bí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá, ọdún mẹ́ta ló kéré jù tí ilé ẹjọ́ máa fi gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ. Ti ínṣọ́ránsì yàtọ̀. Lábẹ́ òfin Rehabilitation of Offenders ti 1974, ọdún márùn-ún ni. Bó bá ti pé ọdún márùn-ún, o ò jẹ wọ́n ní àlàyé lórí ẹ̀ mọ́, kódà kí wọ́n bi ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé DVLA ṣì ní in nínú ìwé. Láti ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ni kí o sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí o bá gba láísẹ́ǹsì padà. Mo ti rí àwọn tó san owó gọbọi fún odindi ọdún kan sí i nítorí pé ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á kò tọ̀nà.

Nípa iye tó ga yẹn: kọ̀ǹpútà ló ń dáhùn lórí àwọn ojú ewé tí o wò. Ó rí DR10, ó tilẹ̀kùn, tàbí kó dá iye tí yóò lé ọ sá. Kò bi ọ́ bóyá 51 ni àbí 120. Àwọn iléeṣẹ́ kan wà tí o ò lè bá pàdé níbẹ̀ rárá, ọ̀dọ̀ alágbàtà nìkan ni a ti ń dé ọ̀dọ̀ wọn, èèyàn ló sì ń ka fáìlì wọn. Kàn sí BIBA, ẹgbẹ́ àwọn alágbàtà ilẹ̀ yìí, kí wọ́n júwe àwọn tó ń gba ẹni tó ní ìdálẹ́bi fún ọ. Bí o bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, tètè mẹ́nu ba ìwé ẹ̀rí kọ́ọ̀sì yẹn, àwọn kan máa ń dínwó nítorí rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ tí o ò fi gba owó lọ́wọ́ wọn náà ò tíì ṣòfò. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbà á bí kò bá tíì ju ọdún méjì lọ tí o ti wà láìní ínṣọ́ránsì.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ tó já mi láyà ju DR10 lọ. O ní láti ilé kan sí òmíràn lo ń lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ṣé o sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Bí o bá mú “ìgbafẹ́ àti lílọ síbi iṣẹ́” nìkan, kò bá iṣẹ́ rẹ mu. Ibi iṣẹ́ kan ṣoṣo lèyí wà fún. Ẹni tó ń yípo ilé àwọn aláìsàn gbọ́dọ̀ mú ti iṣẹ́ ajé, “business class 1” ni wọ́n ń pè é. Àwọn kíà tí kò mọ èyí pọ̀ ju irun orí lọ, ọjọ́ tí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń mọ̀.

Ìyókù kò le. Kọ iye máìlì tí o ń rìn bó ṣe rí gan-an. Bí agbára rẹ bá gbé e, gbà láti yọ £500 dípò £250 lápò ara rẹ bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀. Gba àpótí dúdú, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ bí o ṣe ń wakọ̀, bí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́. Sanwó náà lẹ́ẹ̀kan bí ẹgbẹ́ àjọ tàbí èésú bá lè ràn ọ́ lọ́wọ́, torí èlé wà lórí oṣooṣù.

Bọ̀dé_SE15

Ọ̀gá Adé, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ fi ìyàwó ṣe awakọ̀ àgbà, kẹ́ ẹ kọ orúkọ tiyín sísàlẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi fi gba £1,100.

Alágbàtà_Ọ̀nà

Bọ̀dé, jọ̀ọ́, yọwọ́ nínú ìyẹn. “Fronting” ni wọ́n ń pè é níbí, ẹ̀tàn gidi sì ni lójú òfin. Bó bá jẹ́ Adé ló ń wa ọkọ̀ náà lójoojúmọ́, òun ni awakọ̀ àgbà, orúkọ ẹni yòówù kó wà lókè. Bó tiẹ̀ wà nísàlẹ̀, wọ́n á ṣì béèrè ìdálẹ́bi rẹ̀, DR10 á sì gbé owó ìyàwó náà sókè.

Nọ́ńbà láísẹ́ǹsì tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ yín yẹn, òun ni wọ́n fi ń wo ìwé yín lọ́dọ̀ DVLA lójú ẹsẹ̀. Òfin 2012 lórí ínṣọ́ránsì aráàlú sì pín irọ́ sí ọ̀nà méjì. Bó bá jẹ́ àìkíyèsára, wọ́n lè dín owó tí wọ́n máa san kù. Bó bá jẹ́ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe, wọ́n lè fagi lé gbogbo àdéhùn náà bí ẹni pé kò sí rí, kí wọ́n má sì dá owó tí o san padà. Ẹni tí o bá gbá, wọ́n á sanwó fún un, wọ́n á wá padà wá gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ilé èèyàn lè lọ sí i.

Mosún_Dartford

Mo fẹ́ jẹ́rìí sí ohun tí Alágbàtà sọ, nítorí ó ṣẹlẹ̀ sí wa.

Ọkọ mi ló gba DR10. Nígbà tó tún fẹ́ ṣe ínṣọ́ránsì, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní alágbàtà lórí WhatsApp bá a ṣe é ní £690, ó ní kó má kọ nǹkan kan síbẹ̀. Inú wa dùn. Oṣù keje, ẹnì kan já wọ inú ọkọ̀ wa láti ẹ̀yìn lẹ́bàá Dartford. Kì í ṣe ẹ̀bi wa rárá! Iléeṣẹ́ náà béèrè láísẹ́ǹsì, wọ́n rí DR10 níbẹ̀, wọ́n fagi lé gbogbo ẹ̀. Ọkọ̀ bàjẹ́, ọwọ́ ara wa la fi sanwó ẹni tó wá gbé e lójú títì, oṣù mẹ́rin gbáko la fi ń bá iléeṣẹ́ ẹni tó gbá wa fa ọ̀rọ̀.

Èyí tó wá burú jù kò tíì dé nígbà náà. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ìwé ínṣọ́ránsì tí a bá kọ, ìbéèrè kan wà níbẹ̀: “Ṣé wọ́n ti fagi lé ínṣọ́ránsì rẹ rí?” A ní láti kọ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ gbà mí gbọ́, ìdáhùn yẹn ń lé wọn sá ju DR10 lọ. Ẹni WhatsApp náà ti pa fóònù rẹ̀.

Bọ̀dé_SE15

Ẹ má bínú, mi ò mọ̀ pé ó jinlẹ̀ tó báyìí. Ọ̀gá Adé, ẹ fojú fo ohun tí mo sọ. Mo máa pe ọ̀rẹ́ mi náà lónìí.

Àbẹ̀kẹ́_Ọmọ_Ìbàdàn

Mo ka gbogbo èyí, inú mi ò dùn. Gbogbo yín ń ṣàánú owó. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 26, ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ni awakọ̀ tó ti mu paragà ní gáréèjì ti pa á. Kò sẹ́ni tó gba láísẹ́ǹsì awakọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Ọdún kẹsàn-án rèé, màmá mi ṣì ń gbé oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ ìbí rẹ̀. Bí £2,640 ló máa mú kí ẹnì kan rò ó lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n máa gbà á lọ.

Adé_Gravesend

Ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ gbà á bí ẹ̀bẹ̀. Ọlọ́run á tu màmá nínú.

Ní kọ́ọ̀sì yẹn, wákàtí 16 ni, wọ́n pín in sí ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n jẹ́ kí ìyá kan bá wa sọ̀rọ̀ tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tí mò ń sọ fún ara mi tẹ́lẹ̀ ni pé èmi ò kúkú wakọ̀ lóru, mo sùn, mo wẹ̀. Mo lérò pé oorun máa ń pa ọtí. Irọ́ ni.

Nọ́ọ̀sì_Tóyìn

Adé, o ṣeun tí o sọ ìyẹn síta, torí ibẹ̀ gan-an ni àwọn èèyàn wa ti ń kó sí i. Bí ò bá ní ni ọ́ lára, kí lo mu lálẹ́ ọjọ́ náà, aago mélòó lo sì bẹ̀rẹ̀?

Adé_Gravesend

Láti nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́. Ìgò stout kékeré márùn-ún, ẹ̀yí tó le yẹn. Lẹ́yìn náà, àwọn ẹgbẹ́ gbé bùràńdì wá sórí tábìlì, bóyá ìdá mẹ́rin ìgò kan ni mo mu nínú ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Tóyìn

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ní ilẹ̀ yìí, “unit” ni wọ́n fi ń wọn ọtí. Isodipúpọ̀ ni: mililítà ọtí lọ́nà agbára rẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi 1,000 pín in. Stout 330 ml tí agbára rẹ̀ jẹ́ 7.5% jẹ́ nǹkan bí 2.5. Márùn-ún rẹ̀, ó lé díẹ̀ ní 12. Ìgò bùràńdì 70 cl tí agbára rẹ̀ jẹ́ 40% jẹ́ 28, ìdá mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 7. Àpapọ̀ ti ń lọ sí 19.

Ẹ̀dọ̀ ń lọ ọtí ní nǹkan bí ẹyọ unit kan ní wákàtí kan. Omi tútù, tíì, ata gbígbóná, oorun, kò sí èyí tó lè sáré ju ẹ̀dọ̀ lọ. Láti mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́jọ àárọ̀ jẹ́ wákàtí 12. Nítorí náà, nígbà tí Adé ń mu tíì lọ́wọ́, nǹkan bí unit méje ṣì wà lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi kọ 51. Ká ní Scotland ló wà, ì bá tún burú sí i, torí 22 ni wọ́n gbà níbẹ̀ láti oṣù Kejìlá 2014.

Ẹ sì rántí pé ìgò ńlá stout tí wọ́n ń kó wá láti ilé, 600 ml, 4.5 ni ọ̀kan ṣoṣo. Méjì nínú rẹ̀, wákàtí mẹ́sàn-án.

Àbẹ̀kẹ́_Ọmọ_Ìbàdàn

Mo máa tẹ èyí jáde, mo máa fún àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣẹ́gun_K

Ẹ jọ̀ọ́, tèmi jẹ́ 92. Wọ́n ti kọ̀wé sí mi pé kí n rí dókítà kí wọ́n tó dá láísẹ́ǹsì padà. Ṣé òótọ́ ni?

Alágbàtà_Ọ̀nà

Òótọ́ ni. Bó bá ti tó 87.5 lọ sókè, tàbí ẹni tó kọ̀ láti fẹ́ ẹ̀rọ, tàbí ẹni tó jẹ̀bi ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́wàá, DVLA á ní kí dókítà tí àwọn yàn yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò pẹ̀lú. Tètè bẹ̀rẹ̀, má dúró dìgbà tí ọjọ́ bá pé. Má sì ra ínṣọ́ránsì kankan kí láísẹ́ǹsì tó wọlé.

Dàpọ̀_Houston

Ẹ kú iṣẹ́ o. Níbí ní Texas, orúkọ ló yàtọ̀, ìyà ò yàtọ̀. Bí wọ́n bá dá èèyàn lẹ́bi ọtí, ọdún méjì ni iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì rẹ̀ máa fi máa jẹ́rìí fún ìjọba ìpínlẹ̀ pé ó ní ínṣọ́ránsì. SR-22 ni wọ́n ń pe ìwé náà. Kì í ṣe ínṣọ́ránsì fúnra rẹ̀ o, ẹ̀rí lásán ni. Àmọ́ bí èèyàn bá pẹ́ san ti oṣù kan tí wọ́n sì fagi lé e, iléeṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba, láísẹ́ǹsì á sì tún lọ. Àwọn èèyàn wa tí ọkọ̀ wọn ti lọ lè gba irú èyí tó wà fún ẹni tí kò ní ọkọ̀, kí SR-22 má bàa já. Láti 2019, ìjọba tún ń bu $3,000 lé ẹni tó kọ́kọ́ jẹ̀bi, yàtọ̀ sí ti ilé ẹjọ́. Bí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tó 0.15, $6,000 ni.

Kúnlé_Ìkẹjà

Èkó ni mo wà. Níbí, ẹ̀yà third party, èyí tó ń sanwó fún ẹni tí o bá gbá, ti di ₦15,000 fún ọkọ̀ ilé láti oṣù Kìn-ín-ní 2023, ₦5,000 ni tẹ́lẹ̀. Iye kan náà ni fún ẹni tí kì í mu ọtí àti ẹni tó ń mu ún. Wọn ò bi mí léèrè rí bóyá mo ti jẹ̀bi. Nígbà tí mo ka ti ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́, ó wá yé mi pé ohun tí mo pè ní ìrọ̀rùn yìí, ó ní ẹni tó ń sanwó rẹ̀.

Ọmọ_Èkìtì_Croydon

Ẹ ṣàlàyé fún mi: àbúrò mi fẹ́ ṣe minicab, DR10 rẹ̀ ti pé ọdún márùn-ún, ínṣọ́ránsì rẹ̀ ti wálẹ̀. Ṣé ó lè lọ?

Alágbàtà_Ọ̀nà

Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Ìlànà tí ìjọba gbé fún àwọn káńsù ní 2020 ní kí ọdún méje kọjá lẹ́yìn tí ìfòfindè bá ti parí, kí wọ́n tó fún ẹni tó jẹ̀bi ọtí ní láísẹ́ǹsì akérò. Ọdún márùn-ún ti ínṣọ́ránsì kò ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀. Kó bi káńsù rẹ̀, tàbí TfL, àjọ ìrìnnà London, bó bá jẹ́ London ló wà, kó tó ra ọkọ̀ kankan.

Adé_Gravesend · 19 oṣù Kìn-ín-ní

Ẹ kú ọdún o. Mo ti padà sójú ọ̀nà láti àná.

Alágbàtà mẹ́rin ni mo pè. Ẹni kejì kàn sọ £2,500 láìbi mí ní nǹkan kan. Ẹni kẹrin, obìnrin kan, bi mí ní ìbéèrè fún ogójì ìṣẹ́jú. Mo sọ gbogbo rẹ̀: 51, kọ́ọ̀sì, iṣẹ́ kíà, ilé mélòó lóòjọ́. Ó rí iléeṣẹ́ kan tó gbà mí ní £1,730 pẹ̀lú class 1, £500 ni mo máa yọ lápò bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, wọ́n sì fi àpótí dúdú sínú ọkọ̀. Èésú oṣù yìí ló yọ mí, mo san án lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣì ju ìlọ́po méjì iye àtijọ́ lọ, àmọ́ gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà, òótọ́ ni. Mo ti kọ 17 oṣù Kẹrin ọdún karùn-ún sára ògiri ilé ìdáná.

Ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́, òkú àgbà mìíràn wà ní Old Kent Road lóṣù tó ń bọ̀. Ọkọ̀ ojú irin lèmi àti ìyàwó mi máa wọ̀ lọ. Mo ti bẹ ọ̀gá mi pé kó má fún mi níṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ á sì wà nílé.

Àbẹ̀kẹ́_Ọmọ_Ìbàdàn

Mo rí i, àbúrò. Mo sọ fún màmá.